Ẹyin Tí Mò Ń Fún Ọmọ Mi Jẹ Ní Kọ̀rọ̀

Mò ń fún ọmọ mi ní ẹyin jẹ, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ nínú ilé ọkọ mi. Ẹ̀yin òǹkàwé, ó ti rẹ̀ mí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ṣé ẹyin náà ló wá di ìjẹ́wọ́... ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Yàrá kan la wà ní Ajégúnlẹ̀, èmi, ọkọ mi, Bíọ́lá ọmọ wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, àti ìyá ọkọ mi tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Ọkọ mi ń ru ẹrù ní wáàfù Àpápá, òun ló ni ẹran inú ọbẹ̀, ìyẹn ò dùn mí, iṣẹ́ agbára ni. Ṣùgbọ́n Màmá ní ọmọdé tó bá ti mọ adùn ẹyin àti ẹran, olè ló máa dà... ògì, ẹ̀bà àti omi ọbẹ̀ ló tọ́ sí i. Màmá ò burú o. Ẹja tiwọn gan-an, abọ́ ọkọ mi tó jẹ́ ọmọ wọn ni wọ́n máa ń jù ú sí, bí wọ́n bá sì dìde báyìí, òòyì á kọ́ wọn.

Lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ Bíọ́lá wú, irun rẹ̀ pọ́n, kò bẹ́gbẹ́ ṣeré mọ́. Nọ́ọ̀sì tí mo gbé e lọ bá ní kì í ṣe ọwọ́ ayé, oúnjẹ ni... ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, àwọn ló ń kọ́ ara ọmọ, ó ní bí a bá ṣe jẹun láti inú oyún la ṣe ń lo ara dọjọ́ ogbó. Kí n tó délé, Màmá ti gbé àgbo kaná. Mo gbẹ́nu mi dákẹ́, mo ń gbé Bíọ́lá lọ sí ìsọ̀ òwú mi ní ọjà Boundary, ibẹ̀ ni mo ti ń se ẹyin àti ẹ̀wà fún un lórí sítóòfù, màá nu ẹnu rẹ̀, màá fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ kí òórùn má bàa tú àṣírí wa. Ara ọmọ yá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ. Màmá jó káàkiri àgbàlá, wọ́n ní ògì àwọn àti àgbo àwọn ló ṣe é. Èmi náà ní, “Ẹ ṣé, Màmá.”

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ń gbé ní Ìjọ́rà Bàdíà. Ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti ń wú báyìí, irun rẹ̀ ti ń pọ́n. Màmá ló ń gbé ògì lọ fún wọn, èmi ni mo sì ń sẹ́ ògì náà. Mo yọ́ lọ bá ìyá ọmọ, mo ní kó fún un lẹ́yin. Ó dá mi lóhùn pé:

“Ìyàwó wa, ṣebí ògì Màmá náà lọmọ tìẹ jẹ tí ara rẹ̀ fi yá. Ṣé kí tèmi dolè ni?”

Irọ́ mi ni wọ́n fi ń jẹ́rìí ògì. Bí mo bá sì jẹ́wọ́, ẹ mọ bí ilé wa ṣe rí, yàrá kọjú sí yàrá... lọ́jọ́ tí ṣíbí ẹnì kan bá sọnù, Bíọ́lá ni wọ́n á kọ́kọ́ wò, orúkọ olè yẹn á sì tẹ̀ lé e dé ilé ọkọ.

Ní Sátidé, Màmá kó wa lọ kí wọn ní Bàdíà. Bíọ́lá dúró ti ọmọ náà, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ fún un lẹ́yin tí ẹ máa ń fún mi ní ìsọ̀.”

Gbogbo ojú yí sí mi. Màmá bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní irọ́ ni, mo ní ọmọ yìí ti ń purọ́ jù, mo sì gbá a létí. Kò sunkún, ó kàn ń wò mí. Kí wọ́n má bàa pe ọmọ mi lólè, èmi ìyá rẹ̀ pè é lópùrọ́...

Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, Màmá ti tún rẹ àgbàdo, èmi náà ni n ó lọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́? Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún? Ṣé kí n dúró de èsì yín ni... àbí ọmọ tó wà ní Bàdíà yẹn ò lè dúró?