Ẹ Fi Í Sílẹ̀ fún Àbúrò Mi

Jíbrílù àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àtàwọn ọmọ. Ara Màmá ti yá. Orúnkún wọn nìkan ló ṣì ń ráhùn.

Kọ́lápọ̀ oníkàráté, tó ká eyín rẹ nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìjà, tó fi ọ́ ṣẹ̀sín lójú àwọn àna rẹ, ti di "Gíráǹdì Máàsítà" ní Ìdúmàgbò. Àwọn ọmọ tuntun nìkan ló ń bá jà. Ní Sátidé, lójú mi, Bàbá Lámídì, akànṣẹ́ àtijọ́, wọlé tọ Kọ́lápọ̀ lọ níbi tó ti ń kọ́ wọn níjà.

"Bàbá, ẹ lọ sinmi o!"

"Ibí ni mo ti fẹ́ sinmi."

Kọ́lápọ̀ ń ju ẹsẹ̀, Bàbá ń yẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń yẹ ẹrọ̀fọ̀. Kò yára, ó kàn ti mọ ibi tí ẹsẹ̀ ń lọ kó tó gbéra. Nígbà tí Gíráǹdì ń mí hẹlẹhẹlẹ, Bàbá gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè. Ni mo bá figbe ta: "Ẹ má lù ú! Ó ní ẹni tó ni ín!"

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó sọwọ́ kalẹ̀.

Ọdún mẹ́fà lo ti ń bá àwọn àgbà ìjà fìjà pẹẹ́ta ní Kánò. Máa bọ̀ nílé fún ọdún Iléyá. Mú bàtà aláwọ bọ̀ fún Màmá.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Mo ń tọrọ àlàáfíà fún Kọ́lápọ̀ náà lójoojúmọ́, kí nǹkan kan má ṣe é kí o tó dé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àdíját