Bí A Tì Í, Iná; Bí A Ṣí I, Ojú

                                        Agbolé Rájí,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà Èbúté Èrò,
                                        Ìsàlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù Mọ́ọ̀ṣì, 1956.

Hàwáwù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ọ̀rẹ́ tó padà wá di àna,

Asàláámù àlékùmù. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Ẹ̀pẹ́ níbẹ̀? Èjìká tó ń dùn ọ́ lọ́jọ́sí ńkọ́? Ṣé àwọn ọmọ ń jẹ́ kí o sinmi? Ilé ńkọ́, ọ̀nà ńkọ́, àwọn tó ń ta ẹja fún ọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń purọ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Orúnkún mi kò fẹ́ kí n gun àkàsọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ín, kì í ṣe òun ló ni mí, nítorí náà mò ń gùn ún.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Ìwé mi kò ju ti ilé ẹ̀kọ́ àgbà lọ, o mọ̀, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí akọ̀wé kankan ní Ìdúmọ̀tà gbọ́ ohun tó wà nínú ilé mi. Bí ìlà mi bá wọ́, fi ojú rẹ tọ́ ọ.

Hàwáwù, Ganiat ọmọ mi kò gbádùn. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti lọ ni ara rẹ̀ ti ń wú, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ wú, ó wá dé ikùn. Ilé ọkọ rẹ̀ ní Èbúté Mẹ́tà ló dùbúlẹ̀ sí, dókítà sì ní wọn kò gbọdọ̀ gbé e kúrò níbẹ̀. Memunat ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń béèrè pé òun fẹ́ rí. Memunat náà nìyí, Mọ̀núrù ọmọ àbúrò rẹ ló fẹ́ ẹ, ó sì fi í sí ẹ̀hàá láti ọjọ́ tó ti gbé e wọlé. N kò bá ẹ̀hàá jà. Ìwọ fúnra rẹ ti wà nínú rẹ̀ láti ìgbà ọmọge wa, kò sì dí ọ lọ́wọ́ láti bú mi. Mọ̀núrù kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ó ń jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ bo ojú kí ó sì kí àwọn ará ilé wa. Ṣùgbọ́n Èbúté Mẹ́tà jìn. Tákísí kò lè wọ ìloro tóóró tí ilé rẹ̀ wà, ó sì ní ìyàwó òun kò ní rìn lọ́sàn-án gangan láàárín àwọn alábàárù lọ bá awakọ̀ tí òun kò mọ baba rẹ̀.

Èmi wá ronú. Bàṣírù ọmọ mi, àbúrò Ganiat, tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Apọ́ngbọ̀n, ní alùpùpù kan. Mo ní kí ó yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, kí ó fi ẹsẹ̀ méjì sí i, kí ó di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ó sì kan àpótí pákó lé e lórí, kí ó lè wọ ìloro náà títí dé ẹnu ọ̀nà Mọ̀núrù. Ó ṣe é. Òun jókòó síwájú bí ẹlẹ́ṣin, àpótí wà lẹ́yìn rẹ̀, ènìyàn méjì lè jókòó sínú rẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ràn ara wọn. Mo lọ bá Mọ̀núrù. Mo ní àbúrò ìyá ìyàwó rẹ ni yóò wà á, èmi ni n óò jókòó tì í, kò sì ní sí ihò kan tí ojú ẹnikẹ́ni lè gbà wọlé. Mọ̀núrù ní nígbà tí Màmá ti fi ẹnu ara wọn sọ ọ́, ó ti tán.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró lé Bàṣírù lórí pé kí ó dí gbogbo rẹ̀ pa. Iwájú, pákó. Òkè, pákó. Ẹ̀yìn, ilẹ̀kùn tí a ń fi ìkọ́ há láti ìta kí afẹ́fẹ́ má bàa ṣí i. Bàṣírù ń kùn. Ó ní iná ni òun ń wà, pé sàlẹ́ńsà, ìyẹn páìpù tí èéfín ínjìnnì ń gbà jáde, gba abẹ́ ìdí wa kọjá, kí n jẹ́ kí òun ṣí iwájú kí atẹ́gùn rọ́nà wọlé. Mo bi í léèrè bóyá òun ló bí mi. Mo ti fún àna mi ní ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ mi kì í sì í ní ihò.

Àwọn obìnrin Èbúté Èrò sọ ọkọ̀ wa ní Àgò Adìyẹ. Bí a bá ń kọjá, wọn a ní kí Bàṣírù dúró kí àwọn ná obídìyẹ inú rẹ̀. Èmi náà a dá wọn lóhùn láti inú pákó pé àgbébọ̀ ni mo jẹ́, owó wọn kò ká mi.

Ṣùgbọ́n ó gbóná, Hàwáwù. Ọjọ́ àkọ́kọ́, kí a tó gun Bíríìjì Kátà, a ti ká ẹsẹ̀ sókè bí ẹni tó jókòó sórí ẹní. A kò wí nǹkan kan nílé Mọ̀núrù, nítorí bí ó bá gbọ́, yóò ní kí Memunat jókòó sílé, Ganiat yóò sì máa wo ojú ọ̀nà lásán. Nígbà tí a tún fẹ́ lọ, Bàṣírù rẹ àpò ìdọ̀họ sómi, ó fi wé sàlẹ́ńsà. Ó rò pé yóò tutù. Kí a tó dé orí bíríìjì, omi ti di ooru, ooru náà sì ń gba àárín pákó wọlé. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni a dà. Memunat ní, "Ìyá àgbà, ẹ̀yin ni ẹlẹ́yin, èmi ni elédé." A rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wa. Ẹ̀yìnkùlé Ganiat ni a ti sá aṣọ wa kí a tó padà sílé, kí ọkọ má bàa béèrè ibi tí òjò ti pa wá.

Lẹ́yìn ìyẹn, Bàṣírù fi páànù tẹ́ abẹ́ pákó, ó fi àlàfo sí àárín páànù àti sàlẹ́ńsà kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Ìyẹn sàn. Bí a bá ń sáré, ẹsẹ̀ wa gbà á. Ó kàn ní kí a máa gbàdúrà kí a má dúró, nítorí atẹ́gùn ìrìn ló ń tù ú.

Ọjọ́ Àlàmísì tó kọjá, a dúró.

Lọ́rì oníṣu kan ló kú sí àárín bíríìjì. Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà. Bàṣírù sọ̀ kalẹ̀ láti bá wọn tì í. Kò pa ínjìnnì, nítorí alùpùpù yẹn, bí ó bá gbóná tí ó bá kú, kì í tètè jí. Báyìí ni ó fi wá sílẹ̀, ínjìnnì ń lù ní iwájú wa, sàlẹ́ńsà ń yan abẹ́ wa, ìkọ́ sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Orí ìṣó tí Bàṣírù fi kan pákó ilẹ̀ pọ́n, ó gba ooru láti ara páànù bí ẹni gba ẹrù, ìṣó kọ̀ọ̀kan ń jó ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo gbá pákó. Àwọn ọkùnrin tó wà lójú ọ̀nà ń ké pé kí wọ́n tì í, kí wọ́n tì í, ta ni yóò gbọ́ mi? Memunat gbé orí lé mi léjìká, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo mi í. Mo rò pé mo ti pa ọmọ ọmọ mi sínú àpótí tí mo fi ẹnu ara mi ní kí wọ́n kàn.

Ìgbà tó gbé orí sókè, ó ké pe Bàṣírù, igbe tí wọn gbọ́ dé Ìddó. Láti ọjọ́ tó ti wọ ẹ̀hàá, ọkùnrin ìta kan kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Hàwáwù, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, n kò ní purọ́ fún ọ: mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ó yọ ọwọ́ mi kúrò jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ìyá àgbà, ìyá mi ni mò ń lọ wò. N kò ní kú sọ́nà."

Ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ta ilẹ̀kùn nípàá, ìkọ́ já. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí àárín bíríìjì ní ọ̀sán gangan, ìbòjú rẹ̀ kù sínú àpótí. Gbogbo wọn rí i. Ó dúró, ó ń mí afẹ́fẹ́ ọ̀sà bí ẹni ń mu omi. Mo bò ó lójú, mo ní kí ó padà wọlé, ó kọ̀. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, èmi pẹ̀lú orúnkún mi, a fi ẹsẹ̀ rin ìyókù bíríìjì títí Bàṣírù fi lé wa bá ní Ìddó. Àmì ìṣó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, roboto roboto. Ganiat kò rí àmì náà. Ojú ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń fi ọwọ́ pa.

Kí a tó padà, ọ̀rọ̀ ti dé ilé ṣáájú wa. Mọ̀núrù kò pariwo. Ì bá pariwo, ǹ bá mọ ohun tí n óò ṣe sí i. Ó kàn bi mí léèrè, jẹ́jẹ́, ibi tí ọ̀rọ̀ tí mo fún òun wà. Inú bí mi. Mo ní kí ó wọ inú àpótí náà kí ó jókòó, kí ó tó bi mí ní ohunkóhun. Ó wò mí. O mọ ọmọ rẹ, kò ní jẹ́ kí obìnrin pè é níjà kí ó sá. Ó ká agbádá, ó wọlé. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, mo fi ara tì í, mo ní kí Bàṣírù jẹ́ kí ínjìnnì máa lù ní ojú kan nínú ìloro. Gbogbo ará ilé jáde. Ẹnì kan ní kí a fi ata sí i. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju bí mo ti rò lọ, nítorí ìgbéraga, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn. Nígbà tó jáde, agbádá ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń retí kí ó tọrọ àforíjì.

Ó ní, "Màmá, òótọ́ lẹ sọ. Iná ni. Ẹni tó bá tún fi ìyàwó rẹ̀ sínú èyí kò fẹ́ràn rẹ̀. Memunat kò ní wọ̀ ọ́ mọ́."

Hàwáwù, o mọ ẹnu mi. Òun ló kó bá mi. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kó ìdí fún un.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ní kí Bàṣírù ṣe é bó ti wí tẹ́lẹ̀. N kò sọ pé òun ló jàre, mo kàn ní kí ó ṣe é. Ó yí sàlẹ́ńsà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kúrò lábẹ́ wa pátápátá, ó gbé ẹnu rẹ̀ kọjá ẹ̀yìn àpótí kí èéfín má bàa padà sí wa. Ó yọ gbogbo ìṣó, ó gbé pákó ilẹ̀ sókè. Ó gé iwájú, ó fi àsẹ́ wáyà sí i, mo fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́ ta á láti inú, atẹ́gùn ń gba iwájú wọlé, ó ń gba abẹ́ òrùlé jáde lẹ́yìn. Ìkọ́ ilẹ̀kùn ti wà nínú báyìí. Èmi nìkan ni mo jókòó sínú rẹ̀ lọ sí orí Bíríìjì Kátà, mo ní kí Bàṣírù dúró pẹ̀lú ínjìnnì títí àwọn awakọ̀ fi ń bú wa. Mo bọ́ bàtà, mo fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rẹ̀. Ó tutù.

Mo padà lọ sọ fún Mọ̀núrù. Ó jáde, ó wò ó yípo. Ó ní iṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n iwájú ti ṣí, ojú yóò wọlé. Bí a tì í, iná. Bí a ṣí i, ojú. Ibo ni kí n tún gbà? Alùpùpù náà wà nínú ọgbà wa, ó tutù, kò sí ẹni tó ń jókòó sínú rẹ̀. Memunat kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Ó ń se oúnjẹ, ó ń kírun, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń jinná. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ganiat ti ní kí wọ́n yí ibùsùn òun kọjú sí títì. Bí alùpùpù kan bá kọjá, yóò gbé orí sókè.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè, mo sì ti gbìyànjú méjèèjì. Ìwọ lo tọ́ Mọ̀núrù nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, o sì mọ ohun tí ẹ̀hàá jẹ́ ju èmi lọ, kò lè sọ fún ọ pé o kò mọ ìtìjú. Mo fẹ́ kí o gba àyè lọ́wọ́ ọkọ rẹ, kí o bo ojú, kí o wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ wá. Jẹ́ kí Memunat jókòó sínú àpótí Bàṣírù, kí ìwọ àti Mọ̀núrù dúró sójú ọ̀nà, kí ẹ wò ó láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, níbi tó bá wù yín. Bí o bá rí ojú rẹ̀ gba inú aṣọ yẹn, mo gbà, kí wọ́n fi àpótí náà dáná. Bí o kò bá rí i, sọ fún ọmọ rẹ.

Bá mi kí Àlùfáà Jíbrílù ọkọ rẹ, kí Ìyábọ̀ àti ọmọ tuntun rẹ̀, kí àwọn aládùúgbò tó ń rántí mi, kí o má kí àwọn tí kò rántí. Bàṣírù yóò máa wo ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ní èbúté lójoojúmọ́.

Láti ìgbà tí o ti mọ̀ mí, n kò bẹ ẹnikẹ́ni rí. Mo bẹ̀ ọ́, Hàwáwù. Wá kí Ganiat tó dẹ́kun gbígbé orí sókè.

Èmi náà ni, tìrẹ láti kékeré,
Àlímọ̀t Ìyá Ganiat.