Imú Ọmọ Tí Ìyàwó Mi Ṣì Ń Fà

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ kàn ní bàbá kan láti apá Ọyẹ́ ni.

Ọmọ-ọmọ mi, tí n óò pè ní Ìfẹ́dayọ̀, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Wọ́n bí i pẹ̀lú ohun tí dókítà ń pè ní Dáùn Síńdíróòmù, àbùdá àbímọ́ tó máa ń mú kí ojú àti ìdàgbàsókè ọmọ yàtọ̀. Kì í ríran jìnnà, òkè imú rẹ̀ sì tẹ́, awò ojú tí a rà fún un kì í dúró. Ìyàwó mi gbà pé ẹ̀bi òun ni, pé òun kò fa imú náà tó nígbà tí òun ń wẹ̀ ẹ́ ní ìkókó. Ọmọ ti pé ọdún mẹ́sàn-án, síbẹ̀ láràárọ̀ ló ń fi omi gbígbóná àti òrí fà á. Ọmọ á máa ké pé, "Màmá, ó tó!"

Ọmọ mi tó wà ní Kánádà wá fi awò mìíràn ránṣẹ́, tí wọ́n dìídì ṣe férémù rẹ̀ fún irú ojú bẹ́ẹ̀. Ó bá a mu rẹ́gí. Ìfẹ́dayọ̀ wò mí títí, ó ní, "Bàbá, ẹ mà ti darúgbó o!" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyàwó mi bú sẹ́kún: "Ẹ ò rí i pé mi ò ṣe é dáadáa?"

Lọ́jọ́ kejì, ó tún gbé omi kaná, ó ní kí imú ọmọ lè ga, kó lè lo awò lásán bíi tẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá ní kó dẹ́kun, yóò rò pé mo gbà pé òun ló jẹ̀bi. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ ló ń jìyà.

Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ máa ń gbani nímọ̀ràn lórí ètò náà, ẹ bá mi sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ kò kùnà. Ètò yín ló máa ń gbọ́ nídìí iná omi náà.