Fọláyẹmí, Ìka Tí Mo Bá Ọ Tẹ̀ Kò Dùn Mí

Ẹ sún mọ́ mi, ará Ìkẹ́rẹ́! Ẹ̀yin tí ẹ wọ mọ́tò wá láti Emùré, ẹ má jókòó sẹ́yìn! Ìyàwó mi ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, mo sì fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́.

Fọláyẹmí, ọdún mẹ́rin rèé tí o lọ, ìrántí rẹ la ń ṣe lónìí. Ọdún mẹ́rin! Èmi ìyáálé rẹ ṣì ń dá orin, mo ṣì ń dúró kí o gbè é.

Wọ́n ní kí n má dárúkọ ọsibítù lónìí. N ó dárúkọ rẹ̀! Èmi kọ́ ni mo pa ọ́. Àdá ló ṣá ọ lẹ́sẹ̀ lóko kòkó, o fi ewé dì í, o ní kò tó nǹkan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, ẹsẹ̀ ti wú, ọwọ́ rẹ tutù bí omi àmù. Dókítà Bándélé ní oró egbò ti wọnú ẹ̀jẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ṣì ń rìn nínú iṣan ńláńlá, ṣùgbọ́n ó ti ń dúró nínú àwọn tó tín-ín-rín ju òwú lọ.

Kò purọ́ fún wa. Ó ní àwọn ń dán òògùn kan wò, bóyá á jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tún rìn níbẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá á gba ẹ̀mí là, bí a bá sì kọ̀, ìtọ́jú tó kù kò ní yẹ̀. O gbọ́ ọ! Ìwọ àti dókítà jọ sọ̀rọ̀, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkọ wa ti kú, èmi nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ọwọ́ rẹ ò lágbára mọ́ láti tẹ̀ka sí ìwé ìyọ̀ǹda, o ní, "Ìyáálé, bá mi tẹ̀ ẹ́." Mo fi àtàǹpàkò mi tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n ki ẹ̀rọ kékeré oníná bọ abẹ́ ahọ́n rẹ, láti wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn níbẹ̀. Wọ́n wò ó kí òògùn tó wọlé, wọ́n tún wò ó lẹ́yìn náà. Dókítà fi àwòrán rẹ̀ hàn mí. Ti àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ dúró gbagidi. Ti ìkejì, ó ń rìn, díẹ̀díẹ̀, ó ń rìn! Mo bú sórin ní wọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta, o lọ.

Ni Fáníyì ẹ̀gbọ́n rẹ bá ń pariwo kiri Emùré: "Orogún rẹ̀ ló fà á fún dókítà! Wọ́n fi àbúrò mi dánra wò!" Mo gbé ìyẹn mì. Èyí tí mi ò lè gbé mì ni ti Adébísí ọmọ rẹ, tó wolẹ̀ lọ́jọ́ kan tó ní, "Ìyá àgbà, ṣé lóòótọ́ ni màmá mi gbà?"

Ó ti dàgbà o! Ó ti wọ ilé ìwé nọ́ọ̀sì. Mo ti pààrọ̀ páànù yàrá rẹ, ilé gàrí wa ṣì ń ṣiṣẹ́. Oṣù tó kọjá, Adébísí lọ gba ẹ̀dà ìwé tí mo tẹ̀ka sí. Èmi tí mi ò mọ̀wé, ṣé mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Ó gbé e lọ sílé Fáníyì, ó kà á fún un. Dókítà ti kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ sílẹ̀ bí o ṣe sọ ọ́: "Abẹ́ ahọ́n mi kẹ̀? Orin nìkan lẹ máa bá níbẹ̀, ẹ sáà má jí i gbé. Ẹ fún mi lóògùn yín. Bí ó bá kọ̀ fún mi, ẹ wá èyí tó máa gbà fún ẹlòmíràn."

Fáníyì bú sẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹnu Fọláyẹmí lèyí!"

Òògùn ọ̀hún ńkọ́? Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rìn lára àwọn kan, kò rìn lára àwọn mìíràn. Wọ́n ṣì ń wá a. Kí wọ́n máa wá a! Bí o bá tún ní kí n tẹ̀ka lónìí, màá tẹ̀ ẹ́!

Mo tẹ̀ka o, mi ò sá,
Ìyàwó mi ló rán mi níṣẹ́;
Ẹni tó bínú, kó wá jó,
Mo tẹ̀ka o, mi ò sá!

Wo Fáníyì níbi tó jókòó sí. Ó ní kí n má rò pé ìjà ti parí, ó ń wí bẹ́ẹ̀, ó ń na abọ́ sí mi: "Ìyá, ẹ bu uyán kún un." Mo bù ú, mo gbé ẹran lé e. Gbogbo ilé ti yó, wọ́n ń di ìyókù lọ fún àwọn tó wà nílé.

Fọláyẹmí, àárò rẹ ń sọ wá. A fẹ́ràn rẹ lánàá, a fẹ́ràn rẹ lónìí, kò sí ẹni tó lè pa á mọ́ wa lẹ́nu.

Comfort, ìyáálé rẹ, àti Adébísí, ọmọ wa.