Okùn Kẹta Àyìnkẹ́

Sátidé, 12 Júùnù, 1954

A sin Sùrájù lánàá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Òjò ti rọ̀ sí kòtò náà. Bí wọ́n ṣe ń kó amọ̀ jáde ló ń ya padà wọlé.

Kí wọ́n tó kírun sí i lára, Lẹ́mọ́mù kọjú sí wa. Ó ní ẹni tí ohun ìní òkú yìí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó sọ ọ́ níbí, kó má jẹ́ kó bá òkú dé iwájú Ọlọ́hun.

Ìlà kẹta ni mo wà. Ọkùnrin kan níwájú wúkọ́ díẹ̀, mo rò pé orúkọ mi ló fẹ́ pè. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Lẹ́mọ́mù gbọ́wọ́ sókè. Ó parí.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí. Mo ka ìwé dé Fọ́ọ̀mù Fáìfù. Mo lè kọ lẹ́tà sí òyìnbó láì bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi wò ó. Ṣùgbọ́n mi ò lè la ẹnu sọ gbólóhùn kan ṣoṣo ní itẹ́ òkú: gìtá tó wà nílé mi, ti Sùrájù ni.

Mo wá ń kọ ọ́ síbí. Ìwé ò lójú.

Sọ́ńdè, 13 Júùnù

Mo ta okùn gìtá náà lónìí. Ohùn rẹ̀ dáa. Ó yẹ kó burú.

Àtàláátà, 15 Júùnù

Tò ó bó ṣe rí, Akọ̀wé. Má ṣe é lẹ́wà.

1942. Sùrájù ń ránṣọ lójoojúmọ́, ó ń ta gìtá ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ó pa gbogbo okùn gìtá náà dà, tó jẹ́ pé èyí tó yẹ kó wà lókè ló wà nísàlẹ̀. Wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri Ìsàlẹ̀ Gángan. Òun náà sọ ọ́ dorin — ọwọ́ òsì ni mo fi júwe ilé baba mi, ilé náà ò kúkú sọnù. Òun ló sọ gìtá náà ní Àyìnkẹ́. Mi ò tíì rí ẹni tó ta gìtá bíi tirẹ̀.

Ló bá rí Morufat. Baba Morufat, tí àwa méjèèjì ń pè ní Baba Tẹ̀súbáà nítorí tẹ̀súbáà ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ní òun ò ní fi ọmọ fún onígìtá. Sùrájù fi aṣọ ìbora wé Àyìnkẹ́, ó gbé e wá sọ́dọ̀ mi. “Mọ̀núrù, bá mi tọ́jú rẹ̀ títí ojú baba yìí á fi kúrò lára mi.” Ohun tó sọ nìyẹn. Mi ò fi nǹkan kan kún un.

Mo tọ́jú rẹ̀. Oṣù àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kàn án. Oṣù kejì, mo pa okùn rẹ̀ dà sí ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún — kó má baà dákẹ́ jù, mo sọ fún ara mi. Ọdún kejì, mo ti kó ẹgbẹ́ jọ. Ọdún kẹta, Mọ̀núrù Onígìtá ni gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ń pè mí. Baba Tẹ̀súbáà kú ní '47. Sùrájù ò bèèrè. Èmi náà ò dá a padà. Ọdún méje mìíràn tún kọjá lórí ìyẹn.

Ọwọ́ òsì Sùrájù ti họ igi rẹ̀ lókè ihò. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti họ ọ́ nísàlẹ̀. Mo gé àwòrán òdòdó nínú kàlẹ́ńdà, mo fi lẹ tòkè. Àwọn èèyàn rò pé ẹ̀ṣọ́ ni.

Gìtá méjì ni mo ti rà láàárín ìgbà náà. Bíi páànù ni méjèèjì ń dún. Àyìnkẹ́ nìkan ló ń mú ọwọ́ mi jọ ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́. Bí mo bá gbé e sílẹ̀, kí ló kù? Akọ̀wé kan tó ń ka àpò kòkó ní Màrínà.

Jímọ̀, 18 Júùnù

Fídáù ọjọ́ kẹjọ. Mo lọ. Mo jẹ sààráà, mo ṣe àmín níbi tó yẹ.

Morufat wà nínú yàrá, opó kì í jáde. Mo kí i láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ó ní, “Bọ̀dá Mọ̀núrù, ẹ mà ṣọ̀wọ́n.” Mo ní iṣẹ́ ni, Ìyá Ganiat, ọ́fíìsì ò jẹ́. “Ọ́fíìsì ò jẹ́ láti oṣù kọkànlá?” Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni ń bèèrè aago ló ṣe bèèrè.

Jíbrílù, àbúrò Sùrájù, tó ń ta irin ní Ìdúmọ̀tà, ń pariwo ní àgbàlá. Ogójì ọjọ́ ni wọ́n máa pín ogún. “Bó jẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ló wà níta, á wọlé wá.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti dákẹ́.

Sọ́ńdè, 20 Júùnù

Èyí tí mi ò tíì kọ.

Láti oṣù kẹjọ èṣí ni Sùrájù ti dùbúlẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lọ wò ó. Ó wo orí mi, ó ní, “Ìwọ tára rẹ le ni irun rẹ funfun, èmi tí mò ń kú lọ, tèmi dúdú.” Kò dárúkọ Àyìnkẹ́. Èmi ni mò ń gbọ́ ọ nínú gbogbo ohun tó sọ.

Ilé ọtí Sámúẹ́lì ni ẹgbẹ́ mi ti ń ṣeré ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ọ̀nà tóóró kan ló wà láàárín ibẹ̀ àti yàrá Sùrájù. Mo rò ó títí. Ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn, tó ń gbọ́ ohùn ohun ìní rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ — lọ́jọ́ kan á ní ẹ lọ bá mi gbé e wá.

Ní oṣù kọkànlá mo kó ẹgbẹ́ lọ sí Òbáléndé. Mo sọ fún Àbúdù, tó ń ta agídìgbo fún mi, pé àwọn oníbàárà Sámúẹ́lì ti ń ya oníjàngbọ̀n. Mo sọ fún Àlímọ̀t, ìyàwó mi, pé mi ò lè máa lọ sílé Sùrájù mọ́, ikọ́ náà ń ràn. Ó gbà. Irọ́ tí òótọ́ wà nínú rẹ̀ kì í nira láti gbà.

Oṣù méje. Ọ̀rẹ́ mi láti kékeré. Mi ò dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí wọ́n fi gbé e jáde.

Sátidé, 26 Júùnù

Òbáléndé. Ọ̀rinrin ti wọ gbogbo nǹkan. Orin ń lọ lọ́wọ́ ni òdòdó kàlẹ́ńdà ṣí lójú gìtá, ó rọ̀ sílẹ̀ dirodiro. Àbúdù ní, “Ọ̀gá, òdòdó yín ti rọ.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a sinmi, ó tẹjú mọ́ ibi tó họ. Ó ní ta ló họ ibẹ̀, ọwọ́ mi kò kúkú dé òkè. Mo ní ológbò ni.

“Ológbò tó mọ gìtá í ta.”

Àbúdù kì í ṣe òmùgọ̀.

Àlàmíìsì, 1 Júláì

Ọjọ́ kọkànlélógún. Mi ò sùn.

Mọ́ńdè, 5 Júláì

Àlímọ̀t ń ṣa ìrẹsì ló bi mí: “Ṣé opó yẹn lẹ fẹ́ fẹ́ ni?”

Mo ní opó wo.

“Èyí tí ẹ ń fi ṣọ́ọ̀kì ka ọjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.”

Mi ò mọ̀ pé ó ti rí i. Ó dùn mí pé ó lè rò bẹ́ẹ̀. Ó tún ń ṣe mí bíi kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn ì bá sàn. Mo sọ òótọ́ fún un. Ó ṣa ìrẹsì yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ó ní òun rò pé mo rà á ni. Gbogbo ayé ló rò pé mo rà á.

Nígbà tó yá: “Ẹ gbé e fún wọn. Tàbí kí ẹ dákẹ́ títí ẹ ó fi kú. Èyí tí ẹ ń ṣe yìí ò sí nínú méjèèjì.”

Jímọ̀, 9 Júláì

Mo gbé e jáde. Mo dé ìtòsí Ìgá Ìdúngànrán, mo padà. Mo sọ fún Àlímọ̀t pé òjò ni, igi gìtá kò gbọdọ̀ mu omi.

Òjò kọ́. Mo ti yí padà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Àlàrùba, 14 Júláì

Mo ronú èyí náà, ó sì yẹ kí n kọ ọ́: kí n ra gìtá mìíràn, kí n gbé ìyẹn fún wọn. Kò sẹ́ni nínú ilé wọn tó máa mọ ìyàtọ̀. Ẹni tó lè mọ̀ ọ́n ti wọ ilẹ̀.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù kan ní Broad Street. Mo gbé ọ̀kan, mo fi èékánná kàn án, mo rọra gbé e padà sórí ìkọ́. Ọmọge tó ń tajà bi mí pé ṣé kò dáa ni. Mo ní ó dáa, èmi ni mi ò dáa.

Sátidé, 17 Júláì

Ìgbà ìkẹyìn. Mo ta á ju bí mo ṣe ta á rí lọ. Àwọn èèyàn dìde dúró. Olè ló máa ń mọ adùn nǹkan.

Àtàláátà, 20 Júláì

Ogójì ọjọ́.

Mo gba àyè lọ́fíìsì. Mo gbé Àyìnkẹ́ la ìta kọjá ní ọ̀sán gangan, láì fi aṣọ bò ó. Àwọn tó mọ̀ mí ń pè mí — Onígìtá, òde níbo lónìí? Mo ní ìtòsí ni.

Wọ́n ti tẹ́ ẹní sí àárín àgbàlá. Ẹ̀rọ ìránṣọ. Sísọ́ọ̀sì ńlá kan. Agbádá mẹ́rin. Aago tí kò rìn mọ́. Gbogbo ohun tí Sùrájù fi sílẹ̀ kò kún ẹní kan. Ààfáà gbàdúrà tán, ó bèèrè ohun tí Lẹ́mọ́mù bèèrè lọ́jọ́sí: ta ni nǹkan òkú wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Mo dìde. Mo gbé gìtá lé ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti '42.

Jíbrílù wò mí bí ẹni ń wo ọ̀mùtí. “Bọ̀dá, gìtá tí ẹ rà?”

Mo ní mi ò rà á.

“Ẹ rà á. Ojú gbogbo wa ni ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún baba ìyàwó wọn pé àwọn ti tà á fún yín. Lẹ́yìn tí baba kú, mo ní kí wọ́n lọ bẹ̀ yín kẹ́ ẹ tà á padà. Wọ́n lé mi jáde. Bọ̀dá, ẹ jókòó. Ọ̀fọ̀ yìí ló mú yín.”

Ààfáà ní kí wọ́n gbé gìtá kúrò lórí ẹní, kò sí nínú ogún. Mo jókòó. Ara mi fúyẹ́. Mo rò pé Ọlọ́hun ti yọ mí. Ì bá dáa ká ní mo dìde lọ sílé nígbà náà.

Ganiat wá pè mí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá, ojú baba rẹ̀ gan-an. Ìyá rẹ̀ fẹ́ rí mi.

Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá. Ibùsùn pákó wà lábẹ́ fèrèsé. Láti ojú fèrèsé náà, mo rí ògiri ilé ọtí Sámúẹ́lì. Bí èèyàn bá tutọ́, á kàn án.

Morufat ní òun mọ̀ pé Sùrájù ò tà á. Ó ti sọ fún òun tipẹ́. Nígbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, òun bi í pé ṣé kí Ganiat lọ gbé gìtá wá. Sùrájù ní gìtá tó ti mọ ọwọ́ ẹnì kan fún ọdún mọ́kànlá, ti ẹni náà ni.

Lẹ́yìn náà ló wá kan ọ̀rọ̀ fèrèsé.

Ní oṣù kẹsàn-án ni Sùrájù ní kí wọ́n sún ibùsùn òun síbẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, láti ìrun Alásárì, ọwọ́ òsì rẹ̀ á máa rìn lórí ìbora. “Wọ́n ní okùn kẹta ti dẹ̀. Wọ́n ní Mọ̀núrù kì í gbọ́ okùn kẹta, láti ìgbà tí àwọn ti mọ̀ yín. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbé wọn.”

Ó wá di Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá, kò sí ohùn. Ó dúró títí di Mọ̀gáríbì. Sátidé kejì, bákan náà. Wọ́n rán Ganiat sí Sámúẹ́lì. Sámúẹ́lì ní a ti kó lọ.

Mo rò pé mo ti mọ ohun tó kù. Mi ò mọ̀ ọ́n.

“Wọ́n ní ikọ́ àwọn ni. Wọ́n ní ikọ́ àwọn ló ń gba ojú fèrèsé wọnú orin yín, ẹ ò sì lè sọ ọ́, nítorí ọ̀rẹ́ ni yín. Wọ́n ní kí n tì í, bóyá ẹ máa padà wá. Títì ló wà fún oṣù méje, nínú ooru. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn bẹ̀ yín. Mi ò wá. Inú ń bí mi sí yín.”

Mo ní kí ó gba gìtá náà. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó mirí.

“Kí la fẹ́ fi ṣe? Ẹ máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má padà sọ́dọ̀ Sámúẹ́lì. Mo ti ń ṣí fèrèsé yẹn báyìí.”

Kò gbé ohùn sókè rárá.

Àlàrùba, 21 Júláì

Mi ò lọ sí ọ́fíìsì.

Jímọ̀, 23 Júláì

Àlímọ̀t bi mí pé kí ni wọ́n wí. Mo ní wọ́n ní tèmi ni. Ó ní Alihamudulilai.

Sátidé, 24 Júláì

Àbúdù wá pè mí fún Òbáléndé. Mo ní kó máa lọ. Ó wo ojú mi, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo bó ìyókù òdòdó kàlẹ́ńdà kúrò. Mo fẹ́ tú àwọn okùn, kí n pa wọ́n dà bí wọ́n ṣe wà lọ́wọ́ Sùrájù. Mi ò ní lè ta á bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn.

Kí n tó tú wọn, mo ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dé orí ìkẹta. Mo tún un ta. Mo gbé etí lé igi rẹ̀, mo ta á lẹ́ẹ̀kẹta.

Ó dẹ̀ lóòótọ́.

Mo gbé ọwọ́ lé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ láti fà á le. Mo gbé ọwọ́ kúrò.