Táyà Wà Nínú Ààrò

Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ààrò. Táyà tuntun tí mo fi rọ́bà olómi dà fún kẹ̀kẹ́ tí a fi ń ti màmá yín ló wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ lè ti le, inú rẹ̀ kò tíì jinná.

Ti àná wú bíi búrẹ́dì, ó kún fún ihò. Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi fi omi fọ mọ́ọ̀dù tí mo ń dà á sí, àmọ́ omi ni ọ̀tá rọ́bà yìí. Ó ti rẹ̀ mí kọjá ìjà, ni mo ṣe jáde kí ẹ tó jí.

Bí Màmá bá bèèrè kẹ̀kẹ́ wọn, ẹ ní ó di ọ̀la. Bí wọ́n bá bèèrè ẹni tó bà á jẹ́, ẹ ní èmi ni. Ó kúkú ti mọ́ wọn lára láti máa bínú sí mi.