Abẹ́rẹ́ Tí Kò Dun Rùkáyátù

Ẹ̀yìn Mọ́sálásí,
Ẹgbẹ́dá, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Jímọ̀.

Kaothar Àṣàkẹ́, ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé nínú ìlú olótùútù tí o wà yẹn. Mo lérò pé ara rẹ le, pé o ń jẹun dáadáa, àti pé o kò jẹ́ kí iṣẹ́ gba oorun lójú rẹ. Tí o bá bèèrè èmi ìyá rẹ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Allah, ara mi yá, kódà ó yá ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí mo ti gbẹ̀san. Inú ìwé ni mo kọ ọ́ sí nítorí ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé sọ lórí fóònù. Tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ẹkún ni n ó fi sọ ọ́, n kò sì fẹ́ fi ẹkún sọ ọ́.

Ìwọ lo fi ohun ìjà lé mi lọ́wọ́, bóyá o mọ̀ tàbí o kò mọ̀. Ṣé o rántí ohùn tí o gbà sórí Wasáàpù ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn ààwẹ̀, tí o fi ṣàlàyé iṣẹ́ tí ìwọ àti àwọn ọ̀gá rẹ ń ṣe? O ní kòkòrò kan wà tí ojú lásán kò lè rí, pé agbègbè tí omi kì í ti í yára ṣàn ni wọ́n ti sábà máa ń rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò tíì mọ bó ṣe ń wọ ara èèyàn dájú. O ní kòkòrò náà máa ń po oró kan nínú ara rẹ̀, oró tó dà bí òróró, á dì í sínú àwọn àpò kéékèèké, á sì tú wọn sínú ẹran ara wa. O ní àwọn onímọ̀ ti wá rí i báyìí pé oró yẹn ń dí ọ̀nà kan pa nínú sẹ́ẹ̀lì ara, ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà kó ohun tó bá ṣe jáde, títí sẹ́ẹ̀lì náà yóò fi kú. O ní oró kan náà ló ń pa iṣan tó ń gbé ìrora lẹ́nu mọ́. Egbò á máa fẹ̀ lọ, kò sì ní dunni. Mo gbọ́ ohùn yẹn ní àgbọ́túngbọ́ títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí bí mo ṣe mọ Fátíhà.

O pè mí lẹ́yìn ìyẹn, o ní kí ló dé tí mo kàn dákẹ́. Ìdí rẹ̀ rèé. O mọ̀ pé wọ́n lé mi kúrò nílé bàbá rẹ, ní abúlé lẹ́yìn Lálúpọn, nígbà tí o ṣì wà lẹ́yìn mi. O sì mọ̀ pé o ní ẹ̀gbọ́n tó ń jẹ́ Mahfuz tí wọn kò jẹ́ kí n mú lọ. Ṣùgbọ́n n kò sọ bí wọ́n ṣe lé mi fún ọ rí, ìtìjú ni kò jẹ́. Èmi àti àwọn obìnrin ilé jọ máa ń rẹ ẹ̀gẹ́ fùfú sínú odò ìsàlẹ̀ abúlé. Inú omi adágún yẹn, nínú ẹrọ̀fọ̀, ni a máa ń dúró sí tí a bá fẹ́ kó ẹ̀gẹ́ tó ti rọ̀ jáde. Kókó kékeré kan yọ lókè ọrùn ẹsẹ̀ mi, ó wú, ó di egbò, ó sì fẹ̀ títí tí aṣọ kan ṣoṣo kò fi lè dì í mọ́. Kò dùn mí rárá. Mò ń lọ sóko, mò ń gún, mò ń lọ̀, mò ń rẹ́rìn-ín, èyí gan-an ló sì kó mi sí wàhálà.

Rùkáyátù ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, òun ni ìyáálé gbogbo wa nínú agbo ilé. Má bínú pé n kò fi ìyá ṣáájú orúkọ rẹ̀, ọwọ́ mi kọ̀, kò kọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó pe gbogbo ilé sí àgbàlá, ó ní kí n na ẹsẹ̀ mi. Ó mú abẹ́rẹ́ tí a fi ń rán ẹnu àpò gàrí, ó sì tì í bọ inú egbò náà. N kò mọ̀ pé ó ti gún mi, mo ṣì ń wojú rẹ̀ pé kó ṣe ohun tó fẹ́ ṣe kí n lè lọ gbé ìkòkò mi kaná. Ó kọjú sí wọn, ó ní: “Ẹ ò rí i? Ṣé èèyàn la máa fi abẹ́rẹ́ gún tí ò ní mọ̀? Àjẹ́ ni. Ẹran ara ẹ̀ ló fi ń ṣàlejò àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀.” Lateef bàbá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò fọhùn. Ọlọ́run ti pè é, n kò ní bá òkú jà.

Wọ́n kó ẹrù mi síta. Mahfuz ti ń sọ̀rọ̀ nígbà náà, ó di ìró mi mú, Rùkáyátù sì já ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó ní ọmọkùnrin ilé àwọn kò ní tẹ̀lé àjẹ́. Àbúrò ìyá mi ló gbé mi dé ọsibítù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gé awọ itan mi lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Egbò jinná, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ bí ọrùn ẹsẹ̀ mi ṣe le gbagidi títí dòní.

Ẹsẹ̀ kọ́ ló ń dùn mí, Mahfuz ni. Ó dàgbà, ó ní ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́ lẹ́bàá ọjà Lálúpọn, níbi tí mo ti ń ra gàrí tí mò ń tà ní Ẹgbẹ́dá níbí. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni mò ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ó mọ̀ mí dáadáa. Ó máa ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí mo bá sì kọjá tán, á tutọ́ sílẹ̀. Rùkáyátù ló ń pè ní Màámi. Ọmọ tí mo bí, tí mo fún lọ́mú, kò kí mi rí, ká má tíì sọ pé ó dọ̀bálẹ̀. Irú àdúà tí mò ń ṣe fún Rùkáyátù lórí ìrun kò ṣeé kọ síbí.

Ohùn rẹ kò tíì pẹ́ lọ́wọ́ mi tí Àyàndùnní, obìnrin abúlé náà tó ń kó gàrí wá fún mi lọ́jà Lálúpọn, fi sọ fún mi pé Rùkáyátù kì í jáde mọ́. Ó ní aṣọ ló fi ń di ẹsẹ̀, ó ń pariwo pé làkúrègbé ni, ṣùgbọ́n kì í tiro, yàrá rẹ̀ sì ń rùn. Mo mọ ohun tó ń ṣe é lójú ẹsẹ̀, mo sì mọ ìdí tó fi ń fi pamọ́. Mo délé, mo se ìrẹsì, mo jẹ ẹran tí mo fi pamọ́ de Jímọ̀, mo sì sùn fọnfọn.

Kaothar, mo jẹ́ kí egbò náà máa jẹ ẹ́ lọ. N kò ní purọ́ fún ọ. Mo mọ̀ pé oògùn wà, ìwọ lo sọ ọ́, mo sì jókòó lórí rẹ̀. Tí Àyàndùnní bá ti kó gàrí dé, n ó bi í bí ara Màmá ṣe rí, ohùn mi á dùn bí oyin, ó sì máa ń rò pé àánú ló ń ṣe mí. Ní ọjọ́ tó sọ pé wọ́n ti ń fi tùràrí pa òórùn yàrá náà, àfi bíi kí n bú sẹ́rìn-ín níwájú ọjà.

Nígbà tó yá, ìyẹn kò tó mi mọ́. Gbangba ni ó ti dójú tì mí, kí ó wá máa jẹrà ní kọ̀rọ̀ kò jọ ẹ̀san. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Lálúpọn, mo gun ọ̀kadà wọ abúlé, mo sì tẹsẹ̀ bọ yàrá rẹ̀ láìkí ẹnikẹ́ni. Nígbà tó rí i pé èmi ni, ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀. Mo ṣí aṣọ náà. Egbò tèmi gan-an ni, ibi tó wà nìkan ló yàtọ̀. Obìnrin yìí, tó jẹ́ pé “ẹni yẹn” ló ń pè mí láti ọjọ́ tó ti lé mi, di ọwọ́ mi mú, ó ní: “Ìyá Mahfuz, jọ̀ọ́, bò mí láṣìírí. Ìwọ ṣáà jinná. Kí lo lò?”

Mo sọ fún un pé mo mọ oògùn rẹ̀, n ó sì mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń fúnni. Ṣùgbọ́n mo ní kí ó kọ́kọ́ pe gbogbo ilé sí àgbàlá, kí ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, kí èmi náà mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó sunkún. Ó bẹ̀ mí ní orúkọ bàbá rẹ, ó bẹ̀ mí ní orúkọ Ànábì. Mo ní tí kò bá fẹ́, ọ̀kadà mi ṣì ń dúró lóde. Ó gbà.

Abẹ́rẹ́ tuntun ni mo rà lọ́wọ́ onísọ́ọ̀bù oògùn, mo tún jó o níná, nítorí ìwọ lo kọ́ mi pé kò sí ibi tí kòkòrò kò sí. Ẹ̀san mi mọ́ tónítóní. Gbogbo wọn pé, àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà tèmi àti àwọn tí wọ́n fẹ́ wá sílé lẹ́yìn mi. Mahfuz pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó wá dúró sẹ́yìn. Mo ní: “Ẹ wojú mi, Màmá.” Ó ń wojú mi bí mo ṣe ti abẹ́rẹ́ náà bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Kò mira. Mo fi ọwọ́ mi kúrò kí gbogbo wọn lè rí abẹ́rẹ́ náà nínàró níbẹ̀. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọmọ wọn sẹ́yìn. Ah, ọmọ mi, ó dùn. Ó dùn dé egungun mi.

Nígbà náà ni Mahfuz wọ yàrá Rùkáyátù, ó gbé ẹní rẹ̀ àti àpótí aṣọ rẹ̀, ó sì sọ wọ́n sójú ọ̀nà. Ó ní: “Ẹ dìde, ẹ máa lọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé irú yín ò gbọdọ̀ bá èèyàn gbélé.” Rùkáyátù na ọwọ́ sí i, ó gbọn ọwọ́ náà dànù. Ohun tí mò ń fẹ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Kò sí ohun tó kù fún mi ju kí n gun ọ̀kadà mi lọ.

Mo ti yí padà kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Bí mo bá lọ, tí Rùkáyátù sì di àjẹ́ lójú ọmọ mi, àjẹ́ ni èmi náà títí láé. Abẹ́rẹ́ kan náà ló dájọ́ fún àwa méjèèjì. N kò lè gba ọmọ mi padà àfi tí mo bá gba ọ̀tá mi sílẹ̀. Inú bí mi gidi. Mo fa abẹ́rẹ́ náà yọ, mo mú fóònù mi jáde, mo sì tan ohùn rẹ fún wọn kí ariwo rẹ̀ lè dé ẹ̀yìn.

O sọ ọ́ fún wọn bí o ṣe sọ ọ́ fún mi: kòkòrò, oró bí òróró, iṣan tó dákẹ́. O sọ pé kò fi bẹ́ẹ̀ ràn láti ara ẹnì kan sí ẹnì kejì. O sọ oògùn tí wọ́n ń lò pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìfo ọjọ́ kan. Mahfuz ní ohùn ta nìyẹn. Mo ní àbúrò rẹ ni, èyí tó wà lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà. Ó dúró, ó ń wo ẹsẹ̀ mi tí awọ rẹ̀ pọ́n, bíi pé kò rí i rí. Ó wá bi mí pé: “Ṣé kò dùn yín nígbà tí wọ́n gún yín?”

Mo ní: “Abẹ́rẹ́ ò dùn mí rárá. Ìwọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ló dùn mí.”

Mahfuz lọ gbé ẹní àti àpótí náà wọlé padà, ó sì lọ wá ọkọ̀ tó máa gbé Rùkáyátù wá sí ọsibítù.

Ọ̀dọ̀ mi níbí ni ó wà báyìí, nítorí ó súnmọ́ ibi tí wọ́n ti ń wẹ egbò fún un. Èmi ni mò ń ka oògùn sí i lọ́wọ́, èmi ni mò ń dúró tì í títí yóò fi gbé e mì. Àwọn ará àdúgbò ń sọ pé mo láàánú. Má gbà wọ́n gbọ́. N kò dárí jì í, n kò sì mọ ìgbà tí n ó dárí jì í. Mahfuz ń wá láràárọ̀ kó tó lọ ṣí ẹ̀rọ rẹ̀. Èmi ni ó ń kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún, gbalaja, lórí sìmẹ́ǹtì, á ní “Ẹ káàárọ̀, Màámi.” Rùkáyátù á jókòó lórí àga, á na ẹsẹ̀, á máa wò wá. Mo ti yí àdúà mi padà. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún un ní ẹ̀mí gígùn, kó má ṣe kú bọ̀rọ̀, kí ojú rẹ̀ má fọ́.

Kí Ọlọ́run túbọ̀ là ọ́ lóye. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má di ti ẹlòmíràn. Bó ṣe fi ohùn rẹ gbé mi lékè, kí ó fi ọmọ tìrẹ náà gbé ọ lékè. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tó tún gbé ọ sá,
Zubaidah.

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ ìwé yìí kí a tó lọ sí ọsibítù. Bí nọ́ọ̀sì ṣe fọwọ́ kan egbò náà lónìí, Rùkáyátù kígbe, ó ní ó ń dun òun. Nọ́ọ̀sì ní àmì dáadáa ni, ara ti ń jí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ tán. Kì í ṣe àánú. Mo fẹ́ kó mọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun nígbà tó dun òun.